Àmì Pupa Lára Ògiri

Ilé tí a bí mi sí kò jìnnà sí Odò Ògùnpa ní ìgboro Ìbàdàn. Bàbá àgbà mi ni ó kọ́ ọ. Amọ̀ ni ó fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì ni ó fi rẹ́ ẹ, páànù ni ó sì fi bò ó. Yàrá 8 ni ó wà nínú rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan sì là á já láti iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé. Láti ẹ̀yìnkùlé yìí ni ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí odò. Bàbá àgbà kò fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ṣe nǹkan kan ju pé kí ó gbin ẹ̀fọ́ àti ìrèké sí i lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́lé síbẹ̀, èsì kan náà ni í fọ̀: odò ni ó ni ibẹ̀, òun kàn ń yá a lò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ọdún 1974 ni Bàbá àgbà papò dà. Ní àkókò náà owó epo rọ̀bì ti ń wọ ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn ń wọ́ tìrítìrí láti oko wá sí ìgboro, yàrá sì di ohun tí à ń fi àtùpà wá. Akọ̀wé ni bàbá mi, owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, àwa ọmọ 6 ni ó sì ń bọ́. Ó ronú títí, ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé, ó sì pe bíríkìlà. Kí ọdún 1977 tó parí, yàrá 3 àti ṣọ́ọ̀bù kan ti dúró lórí ibi tí ìrèké wà tẹ́lẹ̀. Kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ baba òun ni. Ta ni í gba àṣẹ lọ́wọ́ ará òde kí ó tó bu òkèlè nínú àwo ara rẹ̀? Ní 1978 odò kún, omi gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà dé ìpele kejì, ó sì padà. Bàbá mi ní a ti rí ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wọ agboolé wa pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ kan àti agolo ọ̀dà pupa lọ́wọ́ kejì. Àwa ọmọdé rò pé wọlé-wọlé ni, a sì sáré lọ dé ìkòkò omi, nítorí wọlé-wọlé kò mọ ẹni ọ̀wọ̀ bí ó bá ti rí tanwíji nínú omi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ wo ìkòkò. Ó na okùn láti ara ògiri dé etí odò, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó mi orí, ó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tí ó dábùú ara wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ ọjọ́ oṣù sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní ilé náà súnmọ́ odò ju bí òfin ti gbà lọ, kí a wó o láàárín ọjọ́ 14. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi bínú tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìbátan wa kan mú ọkùnrin náà padà wá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n mo rí ọkùnrin náà nígbà tí ó ń jáde, tí ó ń ti àpòòwé kan bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi ra ẹfun, ó pò ó sínú korobá, ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n pa àmì náà rẹ́. Ọmọ ọdún 10 ni mí nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kùn ún kí pupa náà tó bò, nítorí bí ẹfun bá ti gbẹ ni ọ̀dà náà tún ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí òfin tí ó gbé ọkùnrin náà wá sí ilé wa, nítorí ó pẹ́ kí èmi fúnra mi tó mọ ibi tí ó ti wá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn Òyìnbó ni ó kó òfin ilé kíkọ́ wọ ilẹ̀ wa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìlú Yorùbá àtijọ́ ní odi tí ó yí i ká. Ààfin a máa wà láàárín rẹ̀, ọjà ọba a máa wà níwájú ààfin, ọ̀nà ńláńlá a sì máa ti ibẹ̀ tàn lọ sí ẹnu ibodè. Mọ́gàjí tàbí baálé ni í fi ilẹ̀ han ọmọ ilé tí ó bá fẹ́ kọ́ yàrá. Bí ẹnìkan bá na ògiri rẹ̀ dí ọ̀nà odò tàbí ọ̀nà ọjà, àwọn àgbà yóò pè é, wọn yóò sì sọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún un. A kò kọ òfin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ ojú ẹni tí ń sọ ọ́.

Òfin tí a kọ sínú ìwé ni ó bá ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Ní 1917 wọ́n ṣe òfin kan tí ó pín àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Nàìjíríà sí ipò mẹ́ta. Èkó nìkan ni ó wà ní ipò kìíní. Nínú ètò Lugard, ẹni tí ó jẹ́ Gómìnà Àgbà nígbà náà, a gbọdọ̀ fi ààyè 440 yáàdì sílẹ̀ láìkọ́lé sí i láàárín ibùgbé àwọn Òyìnbó àti ibùgbé àwọn ènìyàn dúdú. Wọ́n ní nítorí ìlera ni, kí ẹ̀fọn má baà gbé ibà láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè rí i pé ààyè òfìfo kì í ṣe ohun rere nítorí pé ó jẹ́ òfìfo. Ó sinmi lé ẹni tí a fi í sílẹ̀ fún.

Ní 1924 àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilé fún mọ́ ara wọn ní Erékùṣù, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà gbà, eku sì ń ti abẹ́ òrùlé kan bọ́ sí abẹ́ èkejì. Ohun tí ojú rí yìí ni ó bí òfin ètò ìlú ti 1928. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní agbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé, láti la títì, àti láti pín ilẹ̀ tuntun. Ní 1946 irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn ìlú yòókù ní Nàìjíríà.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni ó tu àwọn ènìyàn lára. Ní 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé Sùúrùlérè mọ́, ó sì láyè. Síbẹ̀, nígbà tí Peter Marris, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn náà lẹ́nu wò, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn kì í ṣe ìyìn nìkan. Àwọn obìnrin tí ń tajà ní Erékùṣù ti pàdánù oníbàárà; owó ọkọ̀ ń jẹ èrè wọn; ẹbí tí ó ti ń gbé pọ̀ ti fọ́n ká, àwọn àgbà kò sì rí ẹni máa wá kí wọn lójoojúmọ́ mọ́. Àwọn tí ó fa ìlà sórí ìwé ka ilé, ṣùgbọ́n wọn kò ka ohun tí ó so àwọn ará ilé pọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí a máa rántí èyí nígbà tí a bá ń yin òfin.

Kí wá ni òfin wọ̀nyí ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni? Bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ ààyè ni. Òfin a máa sọ pé ìhín ni kí a máa gbé, ọ̀hún ni kí ilé iṣẹ́ wà, kí ariwo ẹ̀rọ tàbí òórùn ibi tí a ti ń pa màlúù má baà bá aláìsàn lórí ibùsùn. A máa sọ bí ilé ti gbọdọ̀ jìnnà tó sí ọ̀nà, sí odò, sí wáyà iná ńlá, àti sí ògiri aládùúgbò. A máa sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ilé bo ilẹ̀ tán pátápátá. Ẹni tí ó fi owó iyebíye ra ilẹ̀ a máa wo ààyè wọ̀nyí bí ẹni pé wọ́n jí i lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààyè náà ní àwọn tí ń dúró dè é: afẹ́fẹ́, omi òjò, ọkọ̀ panápaná, aláboyún tí à ń gbé lọ ní ọ̀gànjọ́ òru. Ní àdúgbò wa, àwọn ilé kan fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí bàbá arúgbó kan kú, a kò rí ọ̀nà gbé pósí wọ inú ilé rẹ̀. Orí ẹní ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e sí títí wọ́n fi dé títì, níbi tí pósí olówó ńlá náà gbé ń dúró. Ojú tì wọ́n púpọ̀.

Ní ti títì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwa ju ohun tí à ń fi ẹnu sọ lọ. Ẹnìkan a kó iyanrìn sí i, ẹlòmíràn a na ìsọ̀ rẹ̀ sórí gọ́tà. Bí ó bá sì di ọjọ́ Sátidé, a ó pa àgọ́ ìnáwó dí i láti ìkángun kan dé èkejì, onílù yóò gba àárín, ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ débẹ̀ yóò sì yí padà, àfi bí ó bá kúkú fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí ó jẹun. Òfin wà tí ó ní ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ di ti ẹnìkan, ìbáà ṣe fún ọjọ́ kan. N kò lè fi ẹnu mi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí èyí, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ní ọjọ́ ìgbéyàwó tèmi.

Ohun kan ṣì kù tí ó mú kí inú bàbá mi ru. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, èyí tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀, kí ó máa ṣe alágbàtọ́ rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, ilé àti irúgbìn tí ó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kí a san owó rẹ̀. A kì í ka iye tí ilẹ̀ náà ì bá tà lọ́jà. Ilé tí kò bá sì ní ìwé àṣẹ lè ṣaláìgba kọ́bọ̀. Bàbá mi kò mọ ẹsẹ òfin wọ̀nyí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìjọba tí kò bá òun ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni ó rán ènìyàn wá pẹ̀lú ọ̀dà, àti pé àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n lówó jù ú lọ kọ́lé sí etí odò kan náà, ògiri tiwọn sì funfun láúláú.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdá. Igi, páànù, ẹní, àti gbogbo ìdọ̀tí tí a ti ń dà sínú odò fún ọdún púpọ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n sì dí abẹ́ afárá. Nígbà tí omi kò rí abẹ́ afárá gbà mọ́, ó wá ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà náà ni ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá mi fa àbúrò mi kékeré mọ́ra, ó ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, a sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú sá lọ sí òkè.

Télọ̀ kan ni ó yá ṣọ́ọ̀bù náà. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ni à ń pè é. Òun ni ó rán aṣọ iléèwé mi, kì í sì í gba owó bọ́tìnnì lọ́wọ́ wa. Ó ti bá wa jáde. A ti ka orí ara wa, ó sì pé. Ìgbà náà ni ó rántí pé aṣọ ìyàwó kan wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí wọn yóò wá gbà ní ọ̀sẹ̀ náà. Bàbá mi dì í lápá mú. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, n kò ní pẹ́. Aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ni.” Ó padà. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí àká bá wó, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe omi.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, yàrá 3 àti ṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀ mọ́. Yàrá 8 tí Bàbá àgbà kọ́ dúró. Omi tí ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò ju orókún lọ. Ọjọ́ kẹta ni a tó rí Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ní ìsàlẹ̀ odò. Àwọn tí omi náà pa nínú ìgboro lé ní 100, Omíyalé sì ni àwọn ará Ìbàdàn ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Mo bá àwọn àgbà lọ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Wàlà ògiri ṣọ́ọ̀bù kan há sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Omi ti fọ ẹfun kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dà pupa náà wà níbẹ̀ ketekete, àti ọjọ́ oṣù tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ nípa àmì náà títí ó fi kú, èmi náà kò sì bi í. Ọkùnrin tí ó gba àpòòwé ni mo máa ń rò nípa rẹ̀ jù. Nígbà kan mo kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó kun ògiri wa. Nígbà tí mo dàgbà, mo kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ kí n pa á rẹ́. Nísinsìnyí, ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó wọn ilẹ̀, ó pàṣẹ, ó lọ. Kò tọ́ka sí odò, kò bi wá léèrè ibi tí omi dé ní 1978, kò sọ ohun tí Bàbá àgbà ti ń sọ ní gbólóhùn kan. Bóyá bàbá mi ì bá gbọ́, bóyá kò ní gbọ́. Owó yàrá 3 náà ni ó fi ń san owó ìwé ẹ̀gbọ́n mi, a kò sì fún un ní ilẹ̀ mìíràn dípò rẹ̀.

Irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ní ìlú wa gbogbo. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì ní Erékùṣù Èkó. Ilé ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé a ti fi àmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. Ní ọjọ́ tí mo gbọ́ ìròyìn náà, n kò lè jẹun. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ìjọba fi ọ̀pọ̀ ọdún fi kọnkéré mọ ọ̀nà Odò Ògùnpa, a sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò kún bo ìgboro, omi gbé afárá lọ, àwọn tí ó kú sì tún lé ní 100. Wọ́n wó ilé etí odò lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí hù.

Èmi náà ti ń kọ́lé báyìí, ní ìhà òde ìlú, lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń sáré ìwé àṣẹ. Wọ́n ní kí n mú àwòrán ilé wá, mo mú un. Wọ́n ní kí n mú ìwé awọnlẹ̀ wá, mo mú un. Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, mo padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹnìkan sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé bí mo bá fẹ́ kí ó yá, òun mọ ẹni tí mo lè rí. Mo dúró títí ìwé náà fi jáde. Kì í ṣe pé mo dára ju bàbá mi lọ. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé, ọmọ mi kò sì sí nílé ìwé mọ́.

Ìṣàn omi kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà, tí ó máa ń gbẹ ní oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọgbà, bíríkìlà mi na okùn kọjá ibi tí awọnlẹ̀ ri òpó sí, ó nà án títí dé etí ìṣàn náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo gbogbo àwọn ará ìlà yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ilẹ̀ yìí yóò kàn ṣòfò ni.” Mo wo apá ọ̀tún, mo wo apá òsì, òótọ́ ni ó sọ, ọgbà tèmi nìkan ni yóò fà sẹ́yìn láàárín wọn bí eyín tí ó yọ. Mo ní kí ó fa okùn náà padà sí ibi òpó. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì fà á padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo lọ wo iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnìkan ti gbin ẹ̀fọ́ sí ibi tí mo fi sílẹ̀. N kò bèèrè ẹni tí ó gbìn ín.